Ẹlẹ́dẹ̀ ilé tó di ẹran ìgbẹ́: àlàyé lórí fífi ọfà ṣọdẹ ní oko màlúù Texas

"Ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀ a bàlú jẹ́," ni àwọn àgbà wa wí. Ní Texas, òdìkejì òwe yẹn ló ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ilé ló gba inú igbó lọ, ó kọ́ ìwà ìmàdò níbẹ̀, ó wá ń ti inú igbó jáde lálaalẹ́ wá ba oko olóko jẹ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé ní Houston lọ sí oko màlúù kan, níbi tí a ti ń fi ọrun àti ọfà pa àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyí. Nígbàkigbà tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ará ilé, ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ta ni ẹ ń pa? Ṣé ìjọba ò ní mú yín? Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí ìbọn pọ̀ bí yanrìn, kí ni ẹ tún ń fi ọfà ṣe? Mi ò bá wọn wí. Èmi tí mò ń gbé nítòsí ọ̀rọ̀ náà, ó pẹ́ kó tó yé mi. Ìbéèrè kẹrin wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí, òun ló sì jẹ mí lógún jù: ṣé ọfà wa ń dín ẹlẹ́dẹ̀ náà kù?

Ẹlẹ́dẹ̀ ta ni?

Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí àwọn òyìnbó tó débẹ̀. Christopher Columbus ló kọ́kọ́ kó wọn wá sí àwọn erékùṣù Caribbean ní 1493. Ní 1539, Hernando de Soto, ajagun ará Sípéènì, kó ẹlẹ́dẹ̀ gúnlẹ̀ sí Florida, ó ń dà wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun rẹ̀, oúnjẹ tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Àwọn kan sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ tó tẹ̀dó sí Texas lẹ́yìn náà kì í so ẹlẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n á tú u sílẹ̀ kó lọ máa jẹ èso igi nínú igbó, bí a ṣe ń rí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri ní àwọn abúlé kan nílé. Bó bá tó àkókò àtipa, wọ́n á lọ dà á wálé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń padà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, àwọn tó fẹ́ràn ọdẹ kó ẹlẹ́dẹ̀ igbó ilẹ̀ Yúróòpù wọ Texas kí wọ́n lè máa rí ẹran líle pa. Ìyẹn náà já ọgbà, ó ń gun ti ilé tó ti ya igbó. Ọmọ wọn ló wà níta lónìí: òmíràn dúdú kirikiri, òmíràn ní tótòtó, òmíràn pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi wọ́n wé ìmàdò tàbí túùkú tiwa. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni àwọn yẹn, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó Texas àti èyí tí wọ́n ń sìn nínú ọgbà ní Òkè-Àró, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀, wọ́n á bímọ fún ara wọn.

Ìbí yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Abo lè lóyún kí ó tó pé ọmọ ọdún kan. Oyún rẹ̀ kì í ju oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta lọ, ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń fojú bù ú pé iye wọn ní Texas nìkan ti lé ní mílíọ̀nù 2, wọ́n sì ti tàn dé ìpínlẹ̀ tó lé ní 30. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ fojú bu ohun tí wọ́n ń bà jẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà sí bílíọ̀nù 1.5 dọ́là lọ́dún, ó kéré tán.

Bílíọ̀nù ò sọ nǹkan kan fún mi títí mo fi rí oko àgbàdo tí wọ́n gbìn lánàá tí ẹlẹ́dẹ̀ sì tọ poro rẹ̀ lóru. Ihò kan, ihò kan, ihò kan, gẹ́lẹ́ ibi tí ẹ̀rọ fi irúgbìn sí, láti ìkángun oko dé ìkángun kejì. Wọn ò fo ọ̀kan. Baba olóko tó ni ilẹ̀ náà ń rìn lọ níwájú wa, ó ń fi ẹnu bàtà kan ihò kọ̀ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀. Irúgbìn yẹn, owó ló fi rà á. Epo tí ẹ̀rọ jó, owó ni. Àkókò òjò tó ti kọjá, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ní ti pápá tí màlúù ń jẹ, wọ́n á fi imú tú u bí ẹni kọ ebè, ilẹ̀ á wá rí gbágungbàgun débi pé ẹ̀rọ tó ń gé koríko ò ní lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n tún ń yí nínú àbàtà títí odò kékeré tí màlúù ń mu á fi di ẹrẹ̀.

Ẹranko kan tún wà ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn Texas tó jọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Javelina ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni, ìdílé rẹ̀ yàtọ̀. Ó kéré, kì í sábà wúwo ju 60 páùn lọ. Irun rẹ̀ dà bí eérú, ìlà funfun kan yí i lọ́rùn bí ọrùn ẹ̀wù, ìrù rẹ̀ sì kúrú débi pé ojú kì í fẹ́ẹ̀ rí i. Òfin ń dáàbò bò ó: ó ní àsìkò, ó ní iye tí ẹnì kan lè pa lọ́dún, ó sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ta á lọ́fà ní ìdájí, tó rò pé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni, ti di ẹlẹ́jọ́. Bí ẹ ò bá rí ìrù, ẹ má ta.

Ṣé ìjọba ò ní mú yín?

Wọn ò ní mú wa, bí a bá ti tọ ọ̀nà. Òfin Texas ò ka ẹlẹ́dẹ̀ yìí mọ́ àwọn ẹran ìgbẹ́ tí ó ń dáàbò bò. Ẹran ọ̀sìn àjèjì tó ya igbó ló kà á sí. Kò ní àsìkò, kò ní iye, ọ̀sán àti òru ni wọ́n ń pa á. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ẹnikẹ́ni ò nílò ìwé àṣẹ ìṣọdẹ láti pa á lórí ilẹ̀ aládàáni, bí onílẹ̀ bá ti gbà. Láti 2011 ni òfin ti yọ̀ǹda kí wọ́n máa ti inú hẹlikọ́pítà yìnbọn fún wọn, ní 2017 wọ́n sì fi bàlúùnù tó ń gbé èèyàn kún un. Ẹ ti rí bí inú ṣe ń bí wọn tó.

"Bí onílẹ̀ bá ti gbà": gbólóhùn kékeré yẹn ló wúwo jù nínú gbogbo òfin náà. Nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ilẹ̀ Texas ló jẹ́ ti aládàáni. Ọdẹ ilé wa mọ ìgbẹ́ tí gbogbo abúlé jọ ń dẹ. Ó lè gbé ìbọn kọ́ èjìká kó sì máa lọ. Kò sí irú rẹ̀ ní oko wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ ò ní olówó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó dúró lé ní olówó. Ẹni tó bá fo wáyà wọlé láìgbàṣẹ ti dẹ́ṣẹ̀ méjì: ó wọ ilẹ̀ onílẹ̀, ó sì tún pa ẹran níbẹ̀.

Ẹ máa wo òpó ọgbà àti ìdí igi. Bí ẹ bá rí ìlà ọ̀dà aláwọ̀ àlùkò tó dúró lóòró, tó gùn tó íǹṣì 8 ó kéré tán, tó fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5 ga sílẹ̀, lójú òfin Texas ìwé "ẹ má wọlé" nìyẹn. Wọn ò ní láti kọ lẹ́tà kan kún un. Àlejò ò mọ èyí. Òmíràn á rò pé igi ni wọ́n sàmì sí láti gé. Bí ẹran tí ẹ ta bá sì sá kọjá wáyà bọ́ sílẹ̀ aládùúgbò, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ lọ tọrọ ààyè kí ẹ tó tẹ̀ lé e.

Àwọn olóko kan ń gbowó lọ́wọ́ ọdẹ, wọ́n á fún un ní ibi tó máa sùn àti ibi tó máa ba. Àwọn mìíràn á ní kó wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní tiwa, wáyà ọgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ já ni a máa ń bá baba náà tún so láàárọ̀, ìyẹn ló dúró fún owó wa. Ohun kan tó tún yẹ kí àwa tí a wá láti òkè òkun mọ̀ ni pé òfin àpapọ̀ ò ka ọrun sí ìbọn. Ẹ lè wọ ilé ìtajà kí ẹ sì rà á láìsí pé wọ́n ń yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ ìjọba.

Kí ni ọfà wá wà fún?

Ọrun tí mò ń sọ kì í ṣe igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi awọ so. Ní 1969, Holless Wilbur Allen, ará Missouri, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọrun tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré ní orí méjèèjì, tí ọsán ń yí gba inú rẹ̀. Ọrun àtijọ́, bí ẹ ṣe ń fà á ló ń le sí i; ibi tí apá ti ń gbọ̀n jù gan-an lẹ ti gbọ́dọ̀ fojú sun ẹran. Kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí gbé ìnira náà sí àárín. Bí ọrun bá le tó 60 páùn, tí ẹ bá ti fà á dópin, ohun tó kù lọ́wọ́ yín lè má ju páùn 12 sí 15 lọ. Ẹ lè dúró bẹ́ẹ̀ kí ẹ mí, títí ẹran yóò fi yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ìdúró yẹn ni gbogbo ọdẹ ọlọ́fà. Ọfà kan ni. Àwọn ọmọ wa ní Brazil tí wọ́n ń bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ṣì ń kì í ní ọdẹ ọlọ́fà kan ṣoṣo, ọrun àti ọfà tó mú lọ́wọ́ ni wọ́n sì ń pè ní "ofá" títí di òní. (Brazil náà ní wàhálà ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀. Òfin 1967 ti ka ọ̀pọ̀ ọdẹ léèwọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2013 ìjọba yọ̀ǹda kí wọ́n máa pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó wọ ilẹ̀ wọn.) Ẹni tó mú ìbọn lè ṣi ọ̀kan yìn, kó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó mú ọfà ti mọ̀ kó tó tú ọwọ́ pé kò sí èkejì.

Ibi tí àlàyé ti ṣe pàtàkì jù lọ nìyí, torí ibẹ̀ ni ẹran ti ń jìyà. Ìbọn fi agbára ìkọlù ṣiṣẹ́. Ọfà ò ní in. Abẹ ni ọfà, gígé ló ń gé. Bó bá gé ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ẹran á sá díẹ̀, á sì ṣubú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bó bá gba inú ìfun, ẹran náà lè wà láàyè di ọ̀la, nínú ìrora tí kò yẹ kí a fi jẹ ohun ẹlẹ́mìí kankan, kódà ọ̀tá àgbẹ̀.

Àwọn ọdẹ tó ti mọ àgbọ̀nrín í ta ló ń ṣe àṣìṣe yìí jù. Ara àgbọ̀nrín ti kọ́ wọn láti ta ọfà sí ẹ̀yìn èjìká, ní agbedeméjì ìhà. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọ́n sún síwájú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ẹni tó bá ta á níbi tí wọ́n ti ń ta àgbọ̀nrín, ìfun tàbí ẹ̀dọ̀ ló bá. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá fi ẹ̀gbẹ́ sí yín gbọọrọ, ẹ fojú tọ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gòkè láti ilẹ̀, kí ẹ dúró ní ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀, ní àpapọ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé àyà. Ibẹ̀ ni.

Èyí tó sàn ju ìyẹn lọ ni kí ó yí ẹ̀yìn sí yín díẹ̀, kí ọfà lè gba ẹ̀yìn egungun ìhà wọlé, kó máa lọ síwájú bọ́ sí èjìká òdìkejì. Ìdí rẹ̀ ni ohun tí àwọn ọdẹ ń pè ní asà. Àwọn akọ máa ń bára wọn jà, èjìká ni wọ́n sì ń fi eyín gbo. Lábẹ́ awọ ibẹ̀, ẹran líle kan á wú, á dì, á máa nípọn bí akọ náà ṣe ń dàgbà. Ó lè nípọn tó íǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ọ̀bẹ kàn án nígbà tí a ń kun akọ ńlá kan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀bẹ ìdáná gé táyà ọkọ̀. Ọfà tí kò lágbára lè dúró síbẹ̀, akọ á sì gbé e lọ. Nítorí rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fi ń lo ọfà tó wúwo, tí irin ẹnu rẹ̀ kò ní ohun tó ń ṣí tó ń pa dé, abẹ méjì péré.

Ẹ má ta láti ọ̀nà jíjìn. Ìró ọsán máa ń yá ju ọfà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹran á sì ti gbọ́ kí irin tó dé. Ní yáàdì 20, kò ní rí àyè yẹra tó bẹ́ẹ̀. Ní 40, ibi tí ẹ fojú sùn ti yẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ kan

Inú oṣù Kẹwàá ni. Ẹ̀gbọ́n ti rẹ àgbàdo sínú ike ńlá fún bí ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó ṣí ìdérí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, torí òórùn ilé ìyá mi ni: omidùn tó ti kan jù. Ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àgbọ̀nrín ò sì kà á sí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó. (Òfin Texas gbà kí wọ́n da oúnjẹ fún ẹran lórí ilẹ̀ aládàáni kí wọ́n tó pa á, àwọn ìpínlẹ̀ kan ò gbà.) A dà á sínú ihò tí a gbẹ́, a padà sínú ibùba tí a fi ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún ṣe, yáàdì 18 síbẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ ò ríran jìnnà, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ju ojú wa lọ. Ẹ̀gbọ́n ní ike ìyẹ̀fun kékeré kan lápò. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ó ń fẹ́ wá sí ojú wa. "Jókòó jẹ́ẹ́, àbúrò. Bí wọ́n bá dé, má wo ojú wọn."

A gbọ́ wọn ká tó rí wọn. Wọ́n ń kùn, wọ́n ń ti ara wọn, ọmọ ń ké. Mo ka mẹ́rìnlá. Ìyá ńlá kan ló ṣáájú, abo mẹ́ta tẹ̀ lé e, ìyókù jẹ́ ọmọ oríṣiríṣi ọjọ́ orí. Bí agbo wọn ṣe máa ń rí nìyẹn: abo àtàwọn ọmọ wọn, akọ tó ti dàgbà máa ń dá rìn ni. Ẹ̀gbọ́n ti fa ọrun. Ó dì í mú. Abo kejì dúró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí wa, ṣùgbọ́n ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣì dì í mú. Ọmọ náà kúrò, abo náà gbé ẹsẹ̀ iwájú síwájú. Mo gbọ́ "fìì", lẹ́yìn náà "pó", bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ gbá ẹ̀fúùfù inú ìrọ̀rí. Gbogbo agbo túká, wọ́n fọ́ igbó lọ.

A ò dìde. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni a jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn tó ń ṣú. Bí ẹ bá lé ẹran tó gbọgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, agbára tó kù fún un ni yóò fi sá, ibi tó yẹ kó dùbúlẹ̀ sí á sì jìnnà sí i. Nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì, ọfà ti gún ilẹ̀ ní òdìkejì, ó pọ́n látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò sí lójú ọ̀nà. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ máa ń dí ojú egbò, irun rẹ̀ tó ki á sì fa èyí tó bá jáde mu. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé òun ṣì í ta, á lọ sílé, ẹran á jẹrà sínú igbó. Ogójì ìṣísẹ̀ ni a rìn ká tó rí ẹ̀kán kan lórí ewé, tó ń dán bí epo pupa. A fi ìwé funfun sàmì síbẹ̀, a tún kúnlẹ̀. Ní bí àádọ́rin ìṣísẹ̀, ó wà lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ó ti kú tipẹ́.

Ẹran náà ńkọ́?

Ó ṣeé jẹ, ó sì dùn, pàápàá abo tí kò tíì dàgbà jù. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyí ń gbé àrùn kan tí wọ́n ń pè ní brucellosis, inú ẹ̀jẹ̀ àti ilé ọmọ ló ń gbé, ó sì ń gba ojú egbò kékeré ọwọ́ wọ ara èèyàn. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ àti oríkèé ríro ló ń fà. Yìnyín ò pa á. Iná ló ń pa á: ẹ se ẹran náà títí inú rẹ̀ yóò fi gbóná tó 160 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 71 ní ti Celsius. Àwa tí a máa ń bọ ẹran ká tó dín in, tí a tún ń gbé e sínú ọbẹ̀, kò sí ewu fún wa níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi iná yan án ní àyanjẹ́ ni mò ń bá wí. Ẹ má ju ìfun rẹ̀ fún ajá. Àrùn mìíràn wà nínú rẹ̀ tí kì í mú èèyàn tó ń pa ajá.

Ẹ ò sì lè tà á. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ta lọ́fà tàbí yìnbọn fún nínú pápá ò lè dé ọjà. Èyí tí wọ́n bá mú láàyè, tí àwọn alábòójútó ìjọba sì yẹ̀ wò nílé ìpẹran nìkan ni wọ́n ń tà.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ Áfíríkà tó pa ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ ní Òkè-Àró ní 2020, tó sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di aláìní, kò tíì wọ Amẹ́ríkà. Ní 2021 ó dé Dominican Republic, ní erékùṣù Caribbean. Kì í mú èèyàn, ṣùgbọ́n ó ń bá ẹran gbígbẹ rìn, ó ń bá bàtà tó tẹ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ rìn. Bó bá wọ àárín àwọn tó wà nínú igbó yìí, kò sí ẹni tí yóò lè lé e jáde mọ́. Ẹ má gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú ẹrù yín, bó ti wù kó gbẹ tó.

Ṣé ọfà wa ń dín wọn kù?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, baba olóko wá wo ohun tí a pa. Ó ní ó dáa. Ó wá bi ẹ̀gbọ́n pé mélòó ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní mẹ́rìnlá. Baba náà mi orí, ó ní, "Mẹ́tàlá ti wá mọ ohun tó ń jẹ́ ọrun."

Mi ò gbọ́ ọ yé lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń ṣèwádìí wọn ti fi hàn pé bí a kò bá mú tó ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn kúrò lọ́dún kọ̀ọ̀kan, wọn ò ní dín kù. Ìbí á dí àlàfo náà. Ọfà ń mú ẹyọ kan. Àwọn tó kù á kọ́gbọ́n, wọ́n á yí ọ̀nà padà, wọ́n á sọ ìrìn wọn di ti òru nìkan, wọ́n á sì máa fura sí ibi tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀.

Tennessee ti rí i. Ní 1999 ìjọba ibẹ̀ ṣí ọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ jákèjádò ìpínlẹ̀, kò sí iye, wọ́n rò pé àwọn ọdẹ ni yóò pa wọ́n tán. Kàkà kó dín kù, ńṣe ló ń tàn. Àwọn èèyàn ń kó ẹlẹ́dẹ̀ láàyè sínú ọkọ̀ lóru, wọ́n ń tú u sí igbó ìtòsí ilé wọn kí wọ́n lè rí nǹkan pa. Ó dé nǹkan bí 80 nínú káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) 95 tó wà níbẹ̀. Ní 2011 wọ́n yí òfin náà padà. Ní 2016, àwọn tó ń bójú tó igbó ìjọba ní Missouri fòfin de ọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn, torí ọdẹ kan tó bá pa méjì lè tú agbo tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi oúnjẹ tàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ọgbà pakúté: àwọ̀n irin tó ga, tó yí ilẹ̀ ká bí òrùka, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ púpọ̀, àgbàdo á máa wà nínú rẹ̀, kámẹ́rà á máa ṣọ́ wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ò ní ti ilẹ̀kùn nígbà tí márùn-ún bá wọlé, kò ní tì í nígbà tí mẹ́wàá bá wọlé. Ìgbà tí gbogbo agbo bá wọlé tán, pẹ̀lú ìyá tó fura jù, ni yóò tó tẹ fóònù.

Ó gba baba náà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó mú agbo tí a tú ká yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọn ò tilẹ̀ súnmọ́ àgbàdo. Lóru tó ti ilẹ̀kùn náà, ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n: mẹ́tàlá ló wà nínú òrùka irin náà, ojú wọn ń tàn nínú òkùnkùn, ìyá ńlá yẹn wà lára wọn.

Láti ìgbà náà ni a ti jọ pín ilẹ̀ náà. Ibi tó bá ti ń da àgbàdo sínú ọgbà pakúté, a kì í gbé ọrun dé ìhà ibẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ dúró lójú wa. Àwọn akọ tó ń dá rìn, tí kì í sábà bá agbo wọ pakúté, ló fi sílẹ̀ fún wa, ní ìhà odò, láàárín ìrọ̀lẹ́ sí ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Kí a tó kúrò ní Houston, ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ pè é lórí fóònù: "Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ìhà wo ni kí a má dé?"